Fi Ọmú Òsì Wo Tọ̀tún

Àrùn ọmú tí gbogbo ẹni tó ń sin ẹran mọ̀ ni èyí tó ń wú, tó ń pọ́n, tó ń gbóná, tí ewúrẹ́ á máa tàpá bí a bá fọwọ́ kàn án. Ìyẹn kì í fara pamọ́. Èkejì rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ọmú rọ̀ bó ṣe yẹ kó rọ̀, ẹran ń jẹun, ó ń jẹ àpọ̀jẹ, mílíìkì rẹ̀ funfun láìní àbàwọ́n, síbẹ̀ kòkòrò ti wà nínú ọmú náà láti ọjọ́ pípẹ́. Mastitis ni àwọn dókítà ẹran ń pe méjèèjì. Èyí tó fara pamọ́ ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì ná mi lówó jù, torí kò sí ohun tó ń lé èèyàn lọ bá dókítà.

Òṣogbo ni mo ń gbé, lápá ọ̀nà Ìlobùú. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ra ewúrẹ́ Sókótó pupa, irú èyí tí wọ́n ń kó wá láti Òkè Ọya. Ó ga ju ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa lọ, bí ọmọ rẹ̀ bá sì mu yó, ó ṣì máa ń ṣẹ́ kù tí èèyàn lè fún sí korobá. Kì í pọ̀. Lọ́dọ̀ tèmi, ẹran kan kì í fún mi ní lítà kan lójúmọ́. Àwọn aládùúgbò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. "Màmá, ewúrẹ́ tí a fi ń se ọbẹ̀ lẹ wá ń fún lọ́mú?" Ìgbà tí wọ́n tọ́ wàrà mi wò ni yẹ̀yẹ́ parí. Ewé bòmùbómù ni mo fi ń mú un dì, bí àwọn obìnrin Fúlàní ṣe kọ́ mi: a ó gún ewé náà, a ó da omi rẹ̀ sí mílíìkì tó wà lórí iná, a ó sì dúró tì í títí tí yóò fi dì, tí omi rẹ̀ yóò ya sọ́tọ̀.

Ara wàrà yìí ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Ìkòkò mi kò yí padà, mílíìkì inú rẹ̀ ò dín, àmọ́ wàrà tó ń jáde níbẹ̀ ń kéré sí i, omi rẹ̀ sì ń pọ̀. Èyí tó bá dì náà á rọ̀ jù, á máa fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ bí mo bá ń kó o sínú asẹ́. Ewé ni mo kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù. Mo ní bòmùbómù ẹ̀bá ọ̀nà tí mo ń já ti gbó jù, mo wá òmíràn lọ. Kò yàtọ̀. Mo ní ọyẹ́ ni, koríko ti gbẹ, ẹran ò rí ewé tútù jẹ. Mo fi èèpo ẹ̀gẹ́ àti èérí àgbàdo kún oúnjẹ wọn. Mílíìkì pọ̀ sí i díẹ̀, wàrà ò pọ̀ sí i.

Ìgbà tó yá, ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin tó ń bá mi fún mílíìkì láàárọ̀. Mo rò pé ó ń mu nínú rẹ̀ ni, tó sì ń fi omi dí i. Mi ò là á mọ́ ọn lójú, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúró tì í, mò ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ náà mọ̀. Lọ́jọ́ kan ó gbé korobá sílẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ máa fún un fúnra yín, kí ọkàn yín lè balẹ̀." Mo sì ń fún un fúnra mi fún ìgbà díẹ̀. Bákan náà ni wàrà rí. Ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ dúró níbí o, torí mo ti gbọ́ nípa àwọn tó lé òṣìṣẹ́ lọ nítorí mílíìkì tó ṣàn jù. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ọmú wò, kí ẹ tó yẹ ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ wò.

Dókítà ló wá ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Bí kòkòrò bá wọ ọmú, ara ẹran á kó ọmọ ogun rẹ̀, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, wá síbẹ̀. Ògiri tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti mílíìkì á máa jò. Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á gba ibẹ̀ wọlé, àwọn èròjà tó ń ba casein, ìyẹn purotéènì inú mílíìkì, jẹ́ náà á wọlé, bẹ́ẹ̀ casein yìí gan-an ló ń di wàrà. Ìdí nìyẹn tí ìkòkò fi lè kún tí asẹ́ ò sì ní kún. Ẹni tó bá jẹ́ pé mílíìkì lásán ló ń tà lè má mọ̀ títí ọdún yóò fi yípo. Oníwàrà a máa tètè mọ̀, bí kò bá ṣe pé ewé ló ń bá jà bíi tèmi.

Àmì méjì mìíràn tún wà tí mo rí tí mi ò kà sí. Ìyá kan tó ń ra wàrà lọ́wọ́ mi ní Òkè-Fìà bi mí bóyá mo ti ń fi iyọ̀ sí i. Mo ní rárá, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà kí n tó délé. Èkejì wà lára ọmọ Pupa. Pupa ni ẹran mi tó lọ́mú jù lọ. Ọmọ rẹ̀ kì í mu tọ̀tún. Bó bá gbà á lẹ́nu, á tu ú jáde, á sá padà sí òsì. Mo rò pé àṣà ọmọ náà ni. Àwa tí a ń wo ìwọ̀n àti àwọ̀ nìkan ni kò mọ̀. Ọmọ tó ń mu ún mọ̀.

Nígbà tí mo wá fura sí ọmú, mo ta aṣọ dúdú sẹ́nu ife, mo fún mílíìkì ìbẹ̀rẹ̀ lé e lórí láti wá ìdì kéékèèké tàbí ẹ̀jẹ̀. Ó dára kí èèyàn máa ṣe é láàárọ̀ kó tó fún mílíìkì, mo ṣì ń ṣe é títí di òní. Ṣùgbọ́n àrùn tó ti jáde síta nìkan nìyẹn ń mú. Aṣọ mi mọ́ tónítóní. Mo gba ṣọ́ọ̀bù olóògùn ẹran lọ, mo ní wàrà mi ò dì mọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ẹran wo, ọmú wo, ìgbà wo ló bímọ. Wọ́n gbé oxytetracycline, abẹ́rẹ́ apakòkòrò kan, lé mi lọ́wọ́, ọmọkùnrin yẹn bá mi di Pupa àti méjì mìíràn mú, mo gún wọn. Kò yí padà, mo tún gún wọn. Kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi pé kí n má ta mílíìkì àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn.

Dókítà ẹran tó wá wò wọ́n nígbẹ̀yìn kéré sí àbíkẹ́yìn mi lọ́jọ́ orí. Kó tó bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n, ó ti bi mí pé, "Màmá, abẹ́rẹ́ wo lẹ ti fún wọn?" Mo sọ fún un. Ó mí kanlẹ̀. Ó tẹ ọmú Pupa láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì wọn ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní, "Dókítà, ṣé ẹ rí i pé kò wú?" Ó ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ, Màmá." Ó wá yọ àwo pẹlẹbẹ kan tó ní kòtò mẹ́rin jáde nínú báàgì, pẹ̀lú ike omi aláwọ̀ elésè àlùkò kan.

California Mastitis Test ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò yẹn, CMT ní ìkékúrú. Àwọn onímọ̀ méjì, Schalm àti Noorlander, ló gbé e jáde ní 1957, màlúù ni wọ́n sì ṣe é fún, ìyẹn ni kòtò àwo náà fi jẹ́ mẹ́rin. Ewúrẹ́ kì í lò ju méjì lọ. A ó da ìfún àkọ́kọ́ nù. A ó wá fún bíi mílílítà 2 láti ọmú òsì sí kòtò kan, bíi mílílítà 2 láti tọ̀tún sí èkejì, a ó da ìwọ̀n omi oògùn kan náà lé kálukú, a ó sì máa yí àwo náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Láàárín bíi ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ óò rí i. Ọmú tí kò ní nǹkan kan, mílíìkì rẹ̀ á máa ṣàn bó ṣe ń ṣàn tẹ́lẹ̀. Èyí tó ní in á ki, bó bá sì pọ̀, á fà bí ilá. Òsì Pupa ṣàn. Tọ̀tún fà, ó kóra jọ sáàárín kòtò, kò fẹ́ já.

Kò sí idán kankan nínú rẹ̀. Irú ọṣẹ kan ló wà nínú omi yẹn. Ọṣẹ ń fọ́ ara àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó kóra jọ sínú mílíìkì, DNA inú wọn á tú jáde, á lọ́ mọ́ra, òun ló ń fà yẹn. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe ki tó. Torí náà CMT ò sọ irú kòkòrò tó wà nínú ọmú. Ohun tó ń sọ ò ju pé ara ẹran náà ń bá nǹkan jà níbẹ̀.

Nígbà tí mo gbọ́ pé ọṣẹ ni, mo béèrè bóyá tilé ò lè ṣe é. Ó lè ṣe é dáadáa. Ní Pakistan àti Íńdíà, àwọn olùsìn ẹran kan ń lo ọṣẹ lúbúlúbú tí a fi ń fọṣọ: ṣíbí tíì kékeré mẹ́fà, tí ẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú, nínú ìdajì lítà omi, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 3 nínú mílílítà 100. Ẹ pò ó kó yòrò tán, ẹ bu ú bíi ti omi oògùn, ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú mílíìkì. Kì í tètè hàn tó ti omi gidi, àwọ̀ rẹ̀ kò sì ran ojú lọ́wọ́, nítorí náà inú àwo dúdú ni kí ẹ ti ṣe é, nínú oòrùn. Irú rẹ̀ ni mo ń lò bí ike tèmi bá tán kí òmíràn tó dé. Ẹ da mílíìkì inú àwo náà nù o, ẹ má dà á padà sí korobá, ẹ má sì gbé e fún ajá.

Ibi tó le nínú ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Lára màlúù, bí sẹ́ẹ̀lì bá ti kọjá 200,000 nínú mílílítà mílíìkì kan, wọ́n á ti fura. Ewúrẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ewúrẹ́ tí kò ní kòkòrò kankan lọ́mú lè kọjá iye yẹn dáadáa, bó bá sì ti pẹ́ tó ti bímọ, ó tiẹ̀ lè kọjá 1,000,000. Ìgbà tó bá ń wá akọ náà, ó lè gòkè. Torí náà bí ẹ bá ka ìwé tí wọ́n kọ fún màlúù, tí ẹ rí i pé mílíìkì ewúrẹ́ yín ki díẹ̀, ẹ óò máa kó oògùn fún ẹran tí nǹkan kan ò ṣe. Ìyẹn ni dókítà fi sọ ọ̀rọ̀ tí mo wá fi ṣe àkọlé. Ó ní, "Ọmú méjì ni Ọlọ́run fún un, Màmá. Ọ̀kan ni kí ẹ fi máa wo èkejì." Bí méjèèjì bá ki díẹ̀ bákan náà, ẹ ronú nípa bó ṣe pẹ́ tó tí ó ti bímọ, nípa akọ, kí ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ tún un wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ọ̀kan bá ki gan-an tí èkejì sì ń ṣàn, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Oúnjẹ, ọyẹ́ àti akọ kì í mú ẹ̀gbẹ́ kan fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀. Kòkòrò ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ewúrẹ́ méjì tí mo gún pẹ̀lú Pupa, ọ̀kan nínú wọn ki díẹ̀ ní ọ̀tún àti òsì. Kò sí ohun tó ń ṣe é rárá. Mo ti fún un lóògùn lásán.

Mo ní kí dókítà kọ oògùn sílẹ̀ fún Pupa, kí n lọ rà á. Ó kọ̀. Ó ní kí a gba mílíìkì rẹ̀ àti ti àwọn mìíràn tí ẹ̀gbẹ́ kan ọmú wọn ki lọ sí láàbù ná. Ká sọ òótọ́, inú bí mi. Mo ti san owó tirẹ̀, ó sì fẹ́ lọ láìfún ẹran lóògùn. Mo fẹ́ kí n rí abẹ́rẹ́ kó tó kúrò nínú ọgbà mi, bí àwa náà ṣe máa ń ṣe ní ọsibítù, tí a ò ní gbà pé wọ́n ti tọ́jú wa àfi bí wọ́n bá fún wa labẹ́rẹ́.

Bí a ṣe ń gba mílíìkì fún láàbù ni mo rò pé mo mọ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, oríṣiríṣi kòkòrò ló hù nínú rẹ̀, wọ́n ní ìdọ̀tí ọwọ́ àti ti ara ẹran ni, kò ṣeé kà. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi lẹ́yìn náà rèé. Fọ ọwọ́ rẹ. Bí ọmú bá dọ̀tí, fọ̀ ọ́, kó o sì nù ún kó gbẹ pátápátá, torí omi tó bá ń kán láti ara ọmú sínú ike ló ń gbé kòkòrò wọlé. Fi òwú tó rẹ nínú sípírítì ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún nu ojú ihò ọmú títí òwú náà kò fi ní mú ìdọ̀tí mọ́. Èyí tó jìnnà sí ọ ni kó o kọ́kọ́ nù, èyí tó sún mọ́ ọ ni kó o kọ́kọ́ fún, kí apá rẹ má bàa kan èyí tó o ti nù. Da ìfún méjì mẹ́ta nù. Ṣí ìdérí ike, má gbé e sílẹ̀, má fọwọ́ kan inú rẹ̀, mú ike náà dání ní ẹ̀gbẹ́ kí eruku àti irun má já sínú rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ike òsì, ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀tún, kọ orúkọ sára wọn kó o tó bẹ̀rẹ̀. Kó wọn sínú kúlà tó ní yìnyín lójú ẹsẹ̀. Tèmi gba Old Garage lọ sí Ìbàdàn nínú mọ́tò àárọ̀, kí oòrùn tó mú.

Èsì dé. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Staphylococcus ló wà nínú gbogbo àwọn tí ẹ̀gbẹ́ kan ọmú wọn ki, àmọ́ oríṣi méjì ni. Àwọn kan ní oríṣi tó ń gbé lára awọ ewúrẹ́, tí wọ́n ń pè ní coagulase-negative, òun ló wọ́pọ̀ jù lára ewúrẹ́ káàkiri ayé. Ó ń ba mílíìkì jẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé wò, ó tiẹ̀ máa ń lọ fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn. Ti Pupa ni Staphylococcus aureus. Nínú ìwé náà, wọ́n to orúkọ oògùn lẹ́sẹẹsẹ, èyí tó ń pa kòkòrò náà àti èyí tí kò lè pa á. Oxytetracycline wà lára èyí tí kò lè pa á. Mo ka ìlà yẹn lákàtúnkà.

Fún àwọn tó ní oríṣi àkọ́kọ́, dókítà ní kí a ní sùúrù di ìgbà tí a bá fẹ́ gbẹ ọmú wọn. Oyún ewúrẹ́ jẹ́ nǹkan bí oṣù márùn-ún, ó sì dára kí a dá fífún rẹ̀ dúró ní bíi oṣù méjì kó tó bí. Ìgbà yẹn ni oògùn ń ṣiṣẹ́ jù nínú ọmú, torí a kì í fún un dànù láàárọ̀ àti lálẹ́, kò sì sí mílíìkì tí a ó máa dà nù. Tùúbù oògùn tí wọ́n ń tì sí ihò ọmú la lò, èyí tí èsì láàbù sọ pé ó pa kòkòrò náà. Màlúù ni wọ́n ṣe púpọ̀ nínú tùúbù wọ̀nyí fún, nítorí náà dókítà ni kó sọ bí ẹ óò ṣe lò ó. Èyí tí mo lè sọ nìyí: fún ewúrẹ́ náà tán pátápátá, fi sípírítì nu ojú ihò ọmú, ti ẹnu tùúbù wọlé díẹ̀ lásán, má tì í dé ìdí, torí ihò ewúrẹ́ tín-ín-rín, ó sì lè ya. Tùúbù kan fún ọmú kan. Mo rí àwọn tó ń pín tùúbù kan sí méjì kí owó má bàa pọ̀. Ẹnu tùúbù tó ti wọ ọmú tó lárùn, tí ẹ tún wá tì bọ èyí tó mọ́, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín kó àrùn fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ ti orí ọmú bọ ayodíìnì.

Iye ọjọ́ tí a ó fi da mílíìkì nù wà lára páálí oògùn, àmọ́ ti màlúù ni wọ́n kọ síbẹ̀. Oògùn lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lára ewúrẹ́. Ẹ bi dókítà, ẹ má fi ojú bù ú. Ẹlòmíràn wà tí ara rẹ̀ ò gba oògùn bíi penicillin, kò sì mọ̀ pé ó wà nínú wàrà tó rà lọ́wọ́ yín.

Mo rò pé sísè á bo gbogbo èyí mọ́lẹ̀. Ṣebí orí iná ni a ti ń ṣe wàrà? Iná ń pa kòkòrò náà lóòótọ́, kò sì sí ìgbà tí mo tà tàbí mu mílíìkì tí a ò sè. Ṣùgbọ́n bí a bá fi mílíìkì tí Staphylococcus aureus wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ nínú ooru, ó lè pọn májèlé tirẹ̀ sínú rẹ̀, májèlé yẹn kì í sì kú bí a bá sè é. Kòkòrò á ti jóná, ohun tó fi sílẹ̀ á sì wà níbẹ̀, tí yóò máa fún èèyàn ní èébì àti inú rírun láàárín wákàtí díẹ̀. Oògùn tí a gún ẹran náà, iná kì í mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Mo ronú nípa mílíìkì ọ̀sán tí mo máa ń gbé kalẹ̀ di alẹ́ kí n lè sè é papọ̀ pẹ̀lú ti ìrọ̀lẹ́, nígbà tí iná ò sí tí fíríìjì ti gbóná. Láti ìgbà yẹn, ohun tí mo bá fún ni mo ń sè lójú ẹsẹ̀, bó ti wù kó kéré tó.

Ọ̀rọ̀ Pupa ló gba ọkàn mi jù. Staphylococcus aureus máa ń sá pamọ́ sínú ọmú, ó máa ń mọ ilé kéékèèké tí oògùn kì í dé, bó bá sì ti pẹ́ níbẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí ó kúrò. Àwọn ẹran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń ràn. Ohun tó burú jù ni pé ó lè yíwọ́ lọ́jọ́ kan: ẹ̀gbẹ́ ọmú á tutù, á di aró, á dúdú, ẹran á dùbúlẹ̀, bí kò bá sì kú, ẹ̀gbẹ́ ọmú yẹn á jẹrà bọ́. Dókítà ní kí n mú un kúrò láàárín wọn. Ẹran mi tó lọ́mú jù lọ, tó máa ń wá dúró fúnra rẹ̀ bó bá gbọ́ ìró korobá! Mo yà á sọ́tọ̀, mò ń fún un kẹ́yìn gbogbo ẹran, mò ń da mílíìkì rẹ̀ sínú kòtò, mo sì ń wí fún ara mi pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni n óò tà á. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn pọ̀. Ẹnì kan gbà mí níyànjú pé kí n mú un lọ sọ́jà, mílíìkì rẹ̀ pọ̀, ọmú rẹ̀ dára lójú, olówó ńlá á rà á fún sísìn. Òótọ́ ni, kò sí bí ẹni tó máa rà á ṣe máa mọ̀. Alápatà ni mo tà á fún, lẹ́yìn tí ọjọ́ oògùn ti pé lára rẹ̀. Owó tí mo gbà ò tó ìdajì ohun tí ẹni tó fẹ́ sìn ín ìbá san.

Bí kòkòrò náà ṣe ń ti ara ẹran kan dé ara èkejì ló kù. Dókítà ní kí n fún mílíìkì níṣojú òun bí mo ṣe máa ń ṣe é. Mo mú aṣọ ìnuwọ́, mo nu ọmú ẹran àkọ́kọ́, mo fi aṣọ kan náà nu ti èkejì. Mo ti ọwọ́ bọ igbá òrí, mo fi òrí pa orí ọmú kó lè yọ̀, mo fún un, mo tún ti ọwọ́ kan náà bọ òrí fún ẹran tó kàn. Ó wo igbá òrí mi, kò sọ̀rọ̀. Èmi náà wò ó. Igbá yẹn ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀.

Òrí ò sí níbẹ̀ mọ́. Ọwọ́ gbígbẹ ni a fi ń fún mílíìkì báyìí, a kì í fa orí ọmú, a máa ń fi ìka pa á láti òkè wá sílẹ̀ ni. Ẹran kan, aṣọ kan, a ó sì sè wọ́n lálẹ́. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí la ń kọ́kọ́ fún, lẹ́yìn náà àwọn tí àyẹ̀wò wọn mọ́, ẹni tí a bá ń fura sí ló ń kẹ́yìn. Bí a bá fún un tán, a ó ti orí ọmú bọ ayodíìnì nínú ife kékeré, a ó da ìyókù nù, a kì í dà á padà sínú ike. Kí wọ́n má sì lọ dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ nígbà tí ihò ọmú ṣì là, a máa ń gbé èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ kalẹ̀ fún wọn, wọ́n á dúró jẹ ẹ́ fún bíi ìdajì wákàtí, ihò náà á ti padé. Lásìkò òjò, a fi pákó gbé ilé wọn sókè. Ọmọ mi ọkùnrin ló san owó pákó náà, ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmú ewúrẹ́ mọ́ lórí fóònù.

Ọmọkùnrin tí mo fura sí yẹn ló ń yí àwo CMT báyìí, ojú rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa tí mo fi kún wọn náà la ń yẹ̀ wò, torí àwọn náà ń ní in, ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé wọn kì í ní in, kò tíì yẹ̀ wọ́n wò ni. Ní Sátidé tó kọjá, ó pè mí wá wo ti Arẹwà. Ó ki, kì í ṣe díẹ̀. Ọmọ náà ti ń wo ojú mi bóyá n óò ní kó lọ pe dókítà. Mo ní kó yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Òsì ki, ọ̀tún náà ki, kò sí èyí tó ju èkejì lọ, bẹ́ẹ̀ Arẹwà ti pẹ́ gan-an tó ti bímọ, a ò sì ní pẹ́ gbẹ ọmú rẹ̀. A kọ ọ́ sínú ìwé, a ó tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Mi ò tíì ra oògùn kankan.